Ọkọ̀ Àfokùnfà ní Òkè Ìlú Salvador

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Àwọn àgbà kò sọ pé ojú àlejò fọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ènìyàn lè wo nǹkan kí ó má rí i, nítorí pé ìmọ̀ ni ó ń la ojú. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn tí ó ń rìnrìn àjò lọ wo ìlú onílùú mu púpọ̀. Bí irú àwọn arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ bá dé ìlú, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń béèrè ni ibi gíga tí wọ́n ti lè rí gbogbo ìlú náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọ̀pọ̀ ìlú olókè, ọkọ̀ kan wà tí ó ń gbé wọn lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀: orí irin ni ó ń rìn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ó ń gùn, okùn ni ó sì ń fà á.

Ọ̀kan nínú àwọn ìlú wọ̀nyí ni Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn ọkọ̀ náà níbẹ̀ ni Plano Inclinado Gonçalves. Ó so ìsàlẹ̀ ìlú, níbi tí èbúté àti ilé àwọn oníṣòwò wà, pọ̀ mọ́ òkè ìlú, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wà. Ìran tí ojú ń rí láti orí òkè náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkè yìí ju ìran wíwò lọ fún ọmọ Yorùbá. Kí ẹ̀rọ tó dé, orí àti èjìká ènìyàn ni a fi ń gbé ẹrù gun òkè yẹn, púpọ̀ nínú àwọn tí ó sì ń gbé e jẹ́ ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun. Àlàyé tí ó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ ènìyàn, àti ìdí tí ó fi yẹ kí ẹni tí ó bá gòkè lọ wòran mọ ìtàn àwọn tí ó ti fi ẹsẹ̀ gun ún ṣáájú rẹ̀.

Orúkọ ọkọ̀ náà

Nínú ọ̀pọ̀ èdè ilẹ̀ Yúróòpù, inú ọ̀rọ̀ Látìnì kan tí ó túmọ̀ sí okùn tín-ín-rín ni a ti yọ orúkọ ọkọ̀ yìí. Àwọn tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, okùn ni wọ́n wò. Àwọn ará Bahia wo ojú ọ̀nà rẹ̀ ní tiwọn: ‘plano inclinado’ ní èdè Potogí túmọ̀ sí ojú ibi pẹrẹsẹ tí ó dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Ní Valparaíso, ìlú èbúté kan ní ilẹ̀ Ṣílè, níbi tí irú ọkọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1883, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wò. Wọ́n pè é ní ‘ascensor’, èyíinì ni ohun tí ń gòkè. Nǹkan kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ojú kálukú bà lé ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ní èdè Yorùbá, ‘ọkọ̀ àfokùnfà’ ni orúkọ tí ó lè bá a mu. Ìtumọ̀ rẹ̀ hàn kedere bí a bá tú u palẹ̀: à, fi, okùn, fà, ọkọ̀ tí a ń fi okùn fà. Orúkọ yìí yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ rélùwéè, nítorí pé rélùwéè ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ tí ó ń fà á láti iwájú. Ó tún yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ agbéniròkè tí ó wà nínú ilé gíga, tí ó ń lọ sókè ṣánṣán láìdà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọgbọ́n àfokùnfà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ìlú Salzburg, ní ilẹ̀ Ọ́stríà, ẹ̀rí wà nínú àkọsílẹ̀ ọdún 1515 pé wọ́n ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fa ẹrù lọ sí ilé olódi tí ó wà lórí òkè. Agbára ènìyàn tàbí ti ẹranko ni ó ń fà á nígbà náà. Nígbà tí ó di ọdún 1862, wọ́n ṣe ọ̀kan tí ẹ̀rọ olóoru ń fà sí ìlú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, kí àwọn ará ìlú lè máa fi gun òkè. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìlú olókè ti ń ṣe tiwọn.

Bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni pé ọkọ̀ méjì ni ó máa ń wà. Okùn irin kan tí ó yi ni a so àwọn méjèèjì mọ́, ọ̀kan ní ìkangun kìíní, èkejì ní ìkangun kejì. Okùn náà gba orí àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá kan tí ó wà ní òkè. Bí ọkọ̀ kan bá ti ń sọ̀kalẹ̀ ni èkejì ń gòkè, ìgbà kan náà ni wọ́n sì máa ń dúró. Ẹni tí ó bá ti rí kànga tí kẹ̀kẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, tí a so garawa méjì mọ́ okùn kan náà, kò ní pẹ́ lóye rẹ̀: bí òfìfo ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni èyí tí ó kún ń bọ̀ lókè.

Àǹfààní tí ó wà nínú ètò yìí ni pé ó ń dín agbára tí ẹ̀rọ yóò lò kù. Ká ní ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wúwo tó tọ́ọ̀nù 5, kí 20 ènìyàn wà nínú èyí tí ó ń gòkè, kí 15 sì wà nínú èyí tí ó ń sọ̀kalẹ̀. Ìwúwo ọkọ̀ kìíní àti ti èkejì dọ́gba; kò sí èyí tí ẹ̀rọ ní láti gbé nínú wọn. Àwọn 15 tí ó ń sọ̀kalẹ̀ náà ti gba ìwúwo 15 nínú àwọn 20 tí ó ń gòkè. Ohun tí ó kù fún ẹ̀rọ kò ju ìwúwo ènìyàn 5 lọ, pẹ̀lú ti okùn fúnra rẹ̀ àti agbára tí yóò borí bí irin ṣe ń ha irin. Ní kúkúrú, ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ ni ó ń fa ẹni tí ń gòkè.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kò lo ẹ́ńjìnnì rárá. Ní Bom Jesus do Monte, lẹ́bàá ìlú Braga ní ilẹ̀ Potogí, omi ni wọ́n ń lò láti ọdún 1882. Wọn a bu omi sínú àgbá tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ tí ó wà lókè títí yóò fi wúwo ju èkejì lọ. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, yóò fa èkejì gòkè. Bí ó bá dé ìsàlẹ̀, wọn a tú omi náà dànù. Níbi tí àyè bá gbà, irin ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Níbi tí àyè bá há, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọn yóò tẹ́, ṣùgbọ́n wọn a pín in sí méjì ní agbedeméjì gẹ́lẹ́, níbi tí àwọn ọkọ̀ náà yóò ti pàdé, kí wọ́n lè yà fún ara wọn. Carl Roman Abt, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Swítsàlandì, ni ó gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ tí ó mú kí kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ mọ ọ̀nà tirẹ̀ fúnra rẹ̀ níbi ìyàsọ́tọ̀ náà, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń yí irin padà.

Nítorí pé okùn ni ẹ̀mí ọkọ̀ yìí, bíréèkì ni ẹ̀mí èrò inú rẹ̀. Ó yẹ kí bíréèkì wà tí yóò di irin mú fúnra rẹ̀ bí okùn bá já. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Lisbon ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ọkọ̀ àfokùnfà ti Glória, tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1885, yọ kúrò lójú irin nígbà tí okùn rẹ̀ já níbi tí a ti so ó mọ́ ọkọ̀. Bíréèkì kò lè dá a dúró, ènìyàn 16 sì kú. Ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ láyé lẹ́wà lójú olùwòran, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ ń béèrè ìtọ́jú. Plano Inclinado Gonçalves náà ti dákẹ́ iṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí wọ́n lè tún un ṣe.

Òkè Salvador kí ẹ̀rọ tó dé

Ní ọdún 1549 ni Tomé de Sousa, gómìnà àgbà àkọ́kọ́ tí ọba Potogí rán sí Bùràsíìlì, tẹ ìlú Salvador dó. Orí òkè ni ó yàn nítorí ogun, kí ìlú lè máa wo ojú òkun láti òkè, kí ọ̀tá má sì lè tètè gun ún. Láti ìgbà náà ni ìlú ti pín sí méjì. Wọ́n ń pe apá kan ní Cidade Alta, èyíinì ni Òkè Ìlú. Wọ́n ń pe èkejì ní Cidade Baixa, èyíinì ni Ìsàlẹ̀ Ìlú. Àwọn aláṣẹ, àwọn àlùfáà àti àwọn ọlọ́lá ń gbé lókè. Ọkọ̀ òkun, ilé ìkẹ́rùsí àti ọjà wà nísàlẹ̀. Ohun tí ó wà láàárín wọn ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan tí ó ga tó nǹkan bí 70 mítà. Salvador ni ó jẹ́ olú-ìlú gbogbo Bùràsíìlì títí di ọdún 1763, nítorí náà òwò rẹ̀ pọ̀, ẹrù rẹ̀ sì pọ̀.

Ohun tí òkè ìlú ń jẹ àti ohun tí ó ń wọ̀, ìsàlẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Àwọn fadá Jésúìtì, tí ilé ẹ̀kọ́ wọn wà lókè, ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń fa ẹrù láti etí omi lọ bá wọn. Guindaste dos Padres ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni ẹ̀rọ ìgbẹ́rù àwọn fadá. Ibi tí ẹ̀rọ yẹn wà ni wọ́n wá ṣe Plano Inclinado Gonçalves sí lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan kò lè tó ìlú. Àwọn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ń pè ní ‘ladeira’ ni ìyókù ẹrù ń gbà, ènìyàn ni ó sì ń rù ú. Àgbá ọtí, àpótí ṣúgà, òkúta ìkọ́lé, igi àti omi, orí àti èjìká ni gbogbo rẹ̀ ń gùn. Bí ẹrù bá wúwo ju agbára ẹnì kan lọ, wọn a fi okùn gbé e kọ́ sára ọ̀pá gígùn, ènìyàn mẹ́rin, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ a sì gbé ọ̀pá náà lé èjìká.

Kì í sì í ṣe ẹrù nìkan. Àwọn olówó kì í fẹ́ fi ẹsẹ̀ gun òkè nínú oòrùn. Àga kan wà tí a ta aṣọ bò, tí ọ̀pá wà lára rẹ̀. Olówó a jókòó sínú rẹ̀, aláwọ̀ dúdú méjì a sì gbé e lọ sí ibi tí ó bá fẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà òkè náà ń jẹ́ Ladeira da Preguiça títí di òní, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Ọ̀nà Òkè Ọ̀lẹ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà sọ pé bí àwọn aláàárù bá ń mí hẹlẹ gòkè pẹ̀lú ẹrù, àwọn tí ó jókòó lójú fèrèsé a máa bú wọn ní ọ̀lẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ru nǹkan kan ni ó sọ ẹni tí ó ru ẹrù lórúkọ.

Àwọn aláàárù Nàgó

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìtúká Ilẹ̀-ọba Ọ̀yọ́ àti àwọn ogun tí ó tẹ̀ lé e sọ ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Yorùbá di ẹrú. Bahia ni a ta púpọ̀ nínú wọn sí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọmọ Ẹ̀gbá ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tàbí Kétu ni, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pe gbogbo wọn níbẹ̀: Nàgó. Nígbà tí ọ̀rúndún náà fi dé ìdajì, àwọn ni ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí a bí ní Áfíríkà tí ó ń gbé Salvador.

Àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ àárù ni wọ́n ń pè ní ‘ganhador’, ẹni tí ń wá èrè. Ẹrú ni àwọn kan nínú wọn, àwọn mìíràn sì ti ra ara wọn padà. Ẹni tí ó bá jẹ́ ẹrú nínú wọn ní iye tí ó gbọ́dọ̀ san fún olówó rẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù ni tirẹ̀. Ohun tí ó ṣẹ́ kù kì í pọ̀. Síbẹ̀, wọ́n ń dá a jọ, ẹgbẹ́ sì wà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá owó sí, tí ó jọ èésú tí a mọ̀ nílé, láti fi yá ara wọn lówó ìràpadà. Púpọ̀ nínú wọn ni ó fi ẹrù rírù gun òkè yìí ra òmìnira ara rẹ̀.

Wọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní igun òpópó tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dúró de iṣẹ́, tí wọ́n ti ń hun fìlà àti agbọ̀n títí iṣẹ́ yóò fi dé. ‘Canto’ ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí igun ní èdè Potogí, ó sì tún túmọ̀ sí orin. Ìtumọ̀ méjèèjì bá wọn mu, nítorí pé orin ni wọ́n fi ń gbé ẹsẹ̀ pa pọ̀ lábẹ́ ẹrù. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olórí tí ó ń gba iṣẹ́, tí ó sì ń bá oníṣẹ́ sọ owó. Manuel Querino, ọmọ Bahia aláwọ̀ dúdú tí ó kọ ìwé lórí àṣà àwọn ará Áfíríkà níbẹ̀ ní ọdún 1916, ṣe àpèjúwe bí wọ́n ṣe ń fi olórí tuntun jẹ. Wọn a rọ omi òkun kún àgbá ńlá kan, wọn a fi okùn so ó kọ́ sára ọ̀pá, olórí tuntun a sì gun orí àgbá náà, pẹ̀lú ẹ̀ka igi lọ́wọ́ kan àti ìgò ọtí lọ́wọ́ kejì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ a gbé òun àti àgbá náà yí àdúgbò ká pẹ̀lú orin. Lọ́jọ́ kan náà yìí, ẹni tí ó ti ń ru ẹrù ni a rù.

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò gba ìyà láìjà. Ní òru ọjọ́ kẹrìnlélógún sí ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí, tí Nàgó pọ̀ jù nínú wọn, gbé ìjà dìde láti gba òmìnira. Ìjà àwọn Malê ni ìtàn ń pè é, inú ọ̀rọ̀ Yorùbá náà ‘Ìmàle’ ni a sì ti rí orúkọ yẹn. Òkè ìlú ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀, ní Água de Meninos, ni a ti ṣẹ́gun wọn. Ó ju 70 lára wọn tí ó kú.

Ọdún 22 lẹ́yìn èyí, ìgbìmọ̀ ìlú ṣe òfin pé kí aláàárù kọ̀ọ̀kan wá forúkọ sílẹ̀, kí ó san owó, kí ó wá ẹni tí yóò ṣe onídùúró fún un, kí ó sì máa fi irin pẹlẹbẹ tí a kọ nọ́ńbà sí kọ́ ọrùn. Ọrùn tí ó ń ru ìlú ni wọ́n fẹ́ fi irin sàmì sí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 1857, àwọn aláàárù da iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹrú àti òmìnira, wọ́n dúró sílé. Ẹrù kún èbúté, kò sí ẹni tí yóò gbé e. Àwọn oníṣòwò kígbe tọ ìjọba lọ. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí ìyanṣẹ́lódì náà fi wà, wọ́n sì mú owó ìforúkọsílẹ̀ náà kúrò. Gbogbo ohun tí wọ́n béèrè kọ́ ni wọ́n rí gbà, nítorí pé a kò mú irin ọrùn kúrò lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú ti mọ̀ pé bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá jókòó, ohun gbogbo jókòó.

Ìgbà tí ẹ̀rọ dé

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 1873 ni wọ́n ṣí ẹ̀rọ agbéniròkè ńlá kan tí ó so ìsàlẹ̀ ìlú pọ̀ mọ́ òkè. Antônio de Lacerda ni ó dá a sílẹ̀, agbára omi ni ó sì ń lò níbẹ̀rẹ̀. Orúkọ Lacerda ni ó ń jẹ́ láti ọdún 1896. Iná mànàmáná ni ó ń lò láti ọdún 1906. Wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní ọdún 1930 sí bí ó ṣe wà lónìí, tí ó ga ní 72 mítà. Ìdajì kejì ọ̀rúndún kan náà ni Plano Inclinado Gonçalves pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn wọn ni àwọn àfokùnfà mìíràn dé, irú èyí tí ó wà ní Pilar, àti èyí tí ó so àdúgbò Calçada pọ̀ mọ́ Liberdade. Liberdade yìí, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Òmìnira, ni àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí gidigidi. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Ilê Aiyê sílẹ̀ ní ọdún 1974, ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọdún 1873 wé ọdún 1888. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Karùn-ún ọdún 1888 ni òfin fi òpin sí oko ẹrú ní Bùràsíìlì. Èyí fi hàn pé fún nǹkan bí ọdún 15, ẹ̀rọ àti ẹrú jọ ń gun òkè kan náà. Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àánú àwọn aláàárù ni ó mú kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ. Èrè ni ilé-iṣẹ́ ń wá: ẹ̀rọ ń yára, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í yan iṣẹ́ lódì. Àwọn tí ó ti ń ru ìlú láti ìgbà pípẹ́ kò ní ìpín nínú owó tí ó ń wọlé. Iṣẹ́ àárù kò sì tán lọ́jọ́ kan, nítorí pé ní ọdún 1887 ni wọ́n ṣì kọ orúkọ àwọn aláàárù Salvador sínú ìwé, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú olórí rẹ̀.

Àwọn kan kò dúró rí gbogbo èyí. Láti ìgbà ìjà ọdún 1835 ni àwọn tí ó ti ra ara wọn padà ti ń wọ ọkọ̀ padà sí Èkó, Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àti irú ilé tí wọ́n kọ́ sí Èkó jẹ́ ẹ̀rí pé apá kan Bahia bá wọn wálé.

Ohun tí ojú ń rí láti òkè

Ìrìn àfokùnfà kò gùn. Kí èrò tó jókòó dáadáa, wọ́n ti dé. Bí ọkọ̀ ṣe ń gòkè ni òrùlé àwọn ilé ìṣòwò ń sọ̀kalẹ̀ lójú èrò. Lẹ́yìn wọn ni omi hàn: apá òkun ńlá tí ó ya wọ inú ilẹ̀, tí àwọn Potogí sọ ní Òkun Gbogbo Ẹni Mímọ́ nítorí pé ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1501 ni wọ́n wọ ibẹ̀. Erékùṣù Itaparica wà ní òdìkejì. Láàárín omi, nítòsí èbúté, ni ilé olódi rìbìtì kan wà tí ó ń jẹ́ São Marcelo, tí wọ́n ti fi ṣe ẹ̀wọ̀n rí. Létí omi ni Mercado Modelo wà, ọjà tí arìnrìn-àjò ti ń ra iṣẹ́ ọwọ́. Ilé àwọn aṣọ́bodè ni ilé náà tẹ́lẹ̀ kí ó tó di ọjà ní ọdún 1971.

Bí ènìyàn bá sọ̀ lókè, ẹ̀yìn kàtídírà tí ó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Jésúìtì ni yóò bọ́ sí. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Pelourinho wà, àdúgbò tí ilé rẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀, tí àjọ UNESCO sì kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 1985 pẹ̀lú ìyókù àárín ìlú àtijọ́ náà. Àwòrán rẹ̀ wà lára káàdì tí àwọn àlejò ń fi ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ‘pelourinho’ ni òpó tí a ń so ènìyàn mọ́ láti nà án ní ẹgba ní gbangba. Ní àdúgbò kan náà ni ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos wà, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ní igun òpópó, obìnrin tí ó wọ aṣọ funfun ń dín àkàrà nínú epo pupa. ‘Acarajé’ ni wọ́n ń pè é, ọmọ Yorùbá sì gbọ́ ‘àkàrà’ nínú rẹ̀ láìsí ògbufọ̀. Ní ọdún 2005 ni ìjọba Bùràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbàlagbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Gíga ibi tí ènìyàn dúró sí kò tó láti mú un ríran. Ẹni tí ó mọ ìtàn òkè Salvador, bí ó tilẹ̀ jókòó sínú kíláàsì ní Ìbàdàn tàbí Iléṣà, rí ìlú náà ju ẹni tí ó gòkè, tí ó ya fọ́tò, tí ó sì sọ̀kalẹ̀.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú ọkọ̀ àfokùnfà fúnra rẹ̀ ṣe é fi kọ́ ọmọ. Kò sí ọkọ̀ tí ó gòkè láìsí èkejì tí ó ń fà á láti apá kejì okùn. Ìlú pàápàá rí bẹ́ẹ̀. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ohun gbogbo tí ó dára lójú ní òkè ìlú yẹn, ẹnì kan ni ó rù ú débẹ̀, òṣùká wà lórí rẹ̀, orin wà lẹ́nu rẹ̀, èdè tí ó sì fi kọ orin náà kì í ṣe àjèjì sí wa.

Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn, ní ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé tàbí ní èdè, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó fi lé wọn lọ́wọ́ nípa gbogbo ibi gíga tí ayé ń lọ wò: kí ẹ̀rọ tó dé, ta ni ó ń gbé e gòkè? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wá ìdáhùn sí i yóò bá orúkọ, èdè àti ìlú pàdé. Ní ti Salvador, díẹ̀ nínú àwọn tí yóò pàdé jẹ́ ará ilé rẹ̀.